Omi Àlejò

“Ọjọ́ kẹwàá. Ẹja kò tíì jẹun. Àyẹ̀wò ìjẹun yóò wáyé ní agogo méjìlá ọ̀sán òní.”

“Mo ti gbọ́.”

“Ọjọ́ kẹwàá. Ẹja kò tíì—”

“Mo ní mo ti gbọ́! Àbí etí mi di ni?”

Ẹ̀rọ ni mò ń bá jà láàárọ̀ ọjọ́ náà o, kì í ṣe ènìyàn. Olùṣọ́ ni orúkọ tí Àjọ Ọmọ-Òkun sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo àdúgbò wa lókè Ìdànrè níbí, Alamí là ń pè é. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ojú gíláàsì tó tóbi tó àgbálùmọ̀. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri lókè ilé ẹja onígíláàsì, kì í sùn, kì í ṣẹ́jú. Ó ní ẹnu pẹ̀lú, ẹ ti gbọ́ ọ. Etí nìkan ni kò ní, nítorí náà gbogbo èébú tí mo ti bù ú láti ọjọ́ mẹ́wàá, òfo ló já sí. Èmi náà mọ̀. Mi ò kàn lè dákẹ́ fún un ni.

Mo lóṣòó síwájú gíláàsì. Ẹja labalábá ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá bí ẹni tó lé tìróò. Lọ́jọ́ tí mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù Àjọ ní Àkúrẹ́, ńṣe ló ń yan kiri nínú omi. Ní báyìí, ẹ̀yìn páìpù tí mo gbé síbẹ̀ kó lè máa rí ibi sá pamọ́ sí ló wà, ó ń fi ìhà ha páìpù náà bí ẹni tí ara ń yún, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń ṣe bàìbàì. Oògùn tí Alamí ń kán sómi fún un láràárọ̀ kò mú nǹkan kan rọ̀.

Kò sì sí ohun tí ìwé Àjọ ní kí n ṣe tí mi ò ṣe. Nígbà tí mo gbé e délé nínú ọ̀rá rẹ̀, mo pa iná yàrá kí ìmọ́lẹ̀ má bàa já a láyà. Mo jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó títí omi inú rẹ̀ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ilé ẹja. Mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kán omi tuntun sí i ní ẹ̀kán-ẹ̀kán fún wákàtí méjì gbáko. Ẹsẹ̀ mi kú, mi ò dìde. Mi ò da omi ṣọ́ọ̀bù mọ́ omi ilé. Mò ń wọn iyọ̀ láàárọ̀, mò ń wọn ọ́n nírọ̀lẹ́. Ọbẹ̀ tèmi gan-an, mi ò wọn iyọ̀ rẹ̀ rí! Ẹnu páìpù òkun tí Àjọ fà wọ ilé kọ̀ọ̀kan ni mo sì ti ń gbọn omi, wọ́n sì ti fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sára rẹ̀, gàdàgbà: OMI YÌÍ NÌKAN. BÍ OMI MÌÍRÀN BÁ KAN ẸJA, KÍKÀ PADÀ SÍ ỌJỌ́ KÌN-ÍN-NÍ.

“Ṣé ó ti jí?” ni ìyá ọkọ mi bèèrè lẹ́yìn mi.

Ìyá Ṣíjúadé nìyẹn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ sí ìhà àríwá láti máa tún àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣe, èmi àti àwọn nìkan la jọ ń gbélé.

“Ó ti jí, Ìyá.”

“Ó ti jẹun?”

“Rárá o.”

Wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sídìí àpò wọn. Àpò náà ti wà ní dídì láti ọjọ́ tí ẹja ti wọlé: ìró méjì, ìborùn kan, àti àwòrán ilé kan ní Ugbódù, ìlú wọn, tí òkun gbé mì ní ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ padà sórí omi kí wọ́n tó kú. Wọn kì í pariwo rẹ̀. Wọ́n á kàn di àpò, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dì, èmi á sì máa wò wọ́n.

Nígbà tí agogo mẹ́wàá lù, mo sáré lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fìjàbí, aládùúgbò wa, tí wọ́n ń sin edé wẹ́wẹ́ nínú ìgò. Mo ní bóyá ẹja tó kọ oúnjẹ gbígbẹ kò ní kọ ohun tó ń ta níwájú rẹ̀.

“Ìbídùn, ó tún kọ̀?” ni wọ́n fi pàdé mi.

“Ó kọ̀ o, Bàbá. Agogo méjìlá ni alábẹ̀wò ń bọ̀. Bí kò bá jẹun lójú wọn, wọ́n á gbé e lọ.”

“Tẹ aáyù, kí o fún omi rẹ̀ lé edé yìí lórí. Aáyù ló mú tèmi yanu lọ́jọ́sí.” Wọ́n bu edé kún ife fún mi, edé kéékèèké tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí.

“Tiyín ti pé ọjọ́ mélòó?”

“Méjìdínlógójì. Ó ku ọjọ́ méjì, wọ́n á fún mi ní ìwé ọkọ̀. Ìparí oṣù Ọ̀pẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbéra, òun nìkan ló sì wà lọ́dún yìí.” Wọ́n wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n láti àná, tèmi náà ti ń fara ha òkúta. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìbídùn. Ti Ìyá Kọ́lẹ́yẹ kú lánàá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tà fún ìdílé kan láyé. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ní Ìlú Orí-Omi, kó kọ́kọ́ fi ogójì ọjọ́ hàn pé òun lè dá ọmọ òkun kan sí. Ó dáa, mo gbà. Àwọn tó ba òkun jẹ́ nígbà náà, ta ló fún wọn ní ogójì ọjọ́?”

“Ẹ rọra, Bàbá. Alamí yín ń wò wá.”

“Kò létí.”

“Ó ń wo ẹnu yín.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí i. Mo dúpẹ́, mo gbé ife mi, mo ń sáré bọ̀ nílé.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn Alamí. “N kò ríran. Ẹ ṣí mi lójú. N kò ríran.”

Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Ìborùn Ìyá ló wà lórí ojú gíláàsì náà, wọ́n we é bí gèlè fún un. Ìyá fúnra wọn jókòó lórí àpótí, abọ́ tánganran funfun wà lórí itan wọn. Inú abọ́ náà ni ẹja wà.

“Yéè! Ìyá! Kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń fún àlejò lómi.”

“Omi wo?”

“Omi òjò tó wà nínú àmù. Òmíràn wo ló tún ṣeé mu nínú ilé yìí?”

Díẹ̀ ló kù kí ife edé bọ́ lọ́wọ́ mi. “Ìyá, ẹja òkun ni! Inú omi ló ń gbé!”

“Omi iyọ̀ ló ń gbé. Èmi náà gbé lórí omi iyọ̀ fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ṣé òun ni mò ń mu? Omi òjò la ń gbè sínú àmù, òun la ń mu, òun la ń bù fún àlejò. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹni ẹlẹ́ni ti wọ ilé yìí, Ìbídùn, ọjọ́ mẹ́wàá! Ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀, kò sẹ́ni tó bu omi fún un. Ẹ gbé e sínú iyọ̀, ẹ ń kán oògùn lé e lórí, ẹ wá ní kó jẹun. Bó ṣe ìwọ, ṣé wàá jẹ?”

“Kí ló dé tí ẹ bo ojú Alamí?”

“Ta ló ń mumi kí ẹnìkan máa ranjú mọ́ ọn?”

Ẹja náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú abọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ki ọwọ́ bọ omi láti gbé e jáde. Ìgbà yẹn ni mo rí nǹkan kan tó já kúrò ní ìhà rẹ̀. Ó rí pẹlẹbẹ, ó funfun, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, ó rọra ń rì lọ sílẹ̀ abọ́. Òmíràn já nítòsí lẹbẹ rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún. Ohun tí mo ti rò pé ojú tó ń bàjẹ́ ni, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí funfun, ó ká kò, ó sì bọ́. Ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán.

Kòkòrò! Ara rẹ̀ ni wọ́n ti wà láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Nínú omi iyọ̀, wọn kò láwọ̀ kankan, àtèmi àti Alamí, a ò rí wọn. Omi òjò ló mú wọn funfun, tó mú ọwọ́ wọn já lára ẹja.

Ọwọ́ mi ṣì wà nínú omi. Bí mo bá gbé ẹja jáde, kòkòrò tó kù á bá a padà. Bí mo bá fi í sílẹ̀, omi tí kò níyọ̀ yìí lè pa á, ìwé Àjọ kò fi ìyẹn bò rárá. “N kò ríran,” ni Alamí ń ké lókè orí mi, bí ẹni pé ojú tèmi ń ríran jù ú lọ.

“Jẹ́ kó mu tẹ́rùn,” ni Ìyá wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Mo ka ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń já. Mo ka igba, wọ́n ṣì ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ka òjìlúgba, mi ò rí ohun tó tún já mọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bu ẹja náà, mo gbé e sínú korobá omi òkun tí mo ti pèsè sílẹ̀ láàárọ̀. Ó rì lọ sísàlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

“Ó tán,” ni mo wí. “Mo ti pa á.”

Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bẹ ẹja, mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ mọ́. Lẹ́yìn náà ló yí ara padà. Ó na ìrù, ó gbéra nílẹ̀, ó yí korobá po lẹ́ẹ̀kan. Mo pariwo ọpẹ́ débi pé Ìyá ní kí n má dẹ́rù ba àlejò. Nígbà tí mo ti dá a padà sílé rẹ̀, mo tú ìborùn kúrò lójú Alamí.

“Ẹja wà láàyè,” ló wí, àfi bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

Agogo méjìlá géérégé ni Ìyáàfin Fadérera, alábẹ̀wò Àjọ, kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ga, wọ́n sì rù, ojú wọn fi hàn pé wọn ò sùn dáadáa. Mo fi àga lọ̀ wọ́n, wọ́n ní rárá.

“Ẹ jẹ́ ká rí i.”

Mo da edé sómi. Aáyù gba gbogbo yàrá. Ẹja náà jáde lẹ́yìn páìpù, ó dúró, ó ń wo edé kan tó ń ta níwájú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ló yọ ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ síta, ó sì gbé e mì. Ó gbé òmíràn. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó wá ń lé wọn kiri.

“Ẹja ti jẹun,” ni Alamí wí.

Ìyá pàtẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Ìyáàfin Fadérera wá jókòó sórí àga tí wọ́n ti kọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Ìyáàfin Ìbídùn. Ẹ ò mọ bí inú mi ti dùn tó. Ilé kẹsàn-án tí mo wọ̀ lónìí nìyí, òun sì ni ẹja àkọ́kọ́ tó jẹun lójú mi. Mẹ́fà ti kú ní àdúgbò yìí láti ọjọ́ Ajé. Àwọn tó kù ń fara ha òkúta, oògùn ò ràn wọ́n. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò rò pé ẹyọ kan á kù. Kí lẹ ṣe fún tiyín?”

Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi: aáyù ni. Ta ló fẹ́ jà mí níyàn? Alamí kò rí nǹkan kan. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló kù, ogójì á pé, ọkọ̀ á gbé Ìyá lọ. Mo wò wọ́n. Wọ́n ti gbé àpò wọn lé itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹja. Bí mo bá sọ òótọ́, kíkà á padà sí ọ̀kan, ọkọ̀ á ti lọ kí ogójì tó pé, ó di àmọ́dún. Ọdún kan gbáko ni màá fi gba lọ́wọ́ arúgbó tí mi ò mọ iye ọdún tó kù fún un. Bí mo bá sì pa á mọ́, ẹja Bàbá Fìjàbí á kú, Bàbá tí wọ́n bu edé fún mi láàárọ̀ yìí láìbèèrè nǹkan kan. Ti gbogbo àdúgbò á kú. Wọ́n á wá kí mi kú oríire, èmi á sì máa dáhùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí ẹja tó jẹun.

Mo dìde, mo gbé abọ́ tánganran wá láti kọ̀rọ̀.

“Aáyù kọ́,” ni mo wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dárúkọ aáyù. “Ẹ wo ilẹ̀ abọ́ yìí.”

Ìyáàfin Fadérera yọ awò kékeré kan tó ń mú nǹkan tóbi nínú àpò wọn, wọ́n fi wò ó títí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn: omi òjò, ìborùn, kíkà tí mo kà. Mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀.

“Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ irú èyí rí,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. “Wọ́n ní àwọn tó ń sin ẹja òkun nínú ilé láyé ìgbà kan máa ń rì í bọ omi tí kò níyọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. A rò pé àròsọ ni, a ò kọ ọ́ síbì kankan. Omi náà ò tutù?”

“Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú omi ẹja gbóná ni àmù náà ń gbé. Bákan náà ni wọ́n ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

“Ọlọ́run ló bá yín ṣe é. Ẹ pààrọ̀ gbogbo omi ilé rẹ̀ lónìí, torí ẹyin kòkòrò wọ̀nyí á ti wà níbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ márùn-ún, ẹ tún fún un mu.” Àwọn náà ti ń pè é ní mímu, wọn ò sì mọ̀. Wọ́n dá awò padà sínú àpò. “Bí mo bá máa sọ fún ilé tó kù, mo ní láti kọ ibi tí mo ti rí i.”

“Mo mọ̀.”

“Bí mo bá sì kọ ọ́…”

“Ẹ kọ ọ́, Ìyáàfin.”

Wọ́n tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ wọn. Ọwọ́ wọn kò yá níbẹ̀ rárá. “Omi mìíràn ti kan ẹja,” ni Alamí wí lókè. “Ọjọ́ kìn-ín-ní.”

Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá. “Ìyá, ẹ foríjì mí. Ọkọ̀ ọdún yìí ti kọjá wa. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo Ìyáàfin Fadérera, wọ́n tún wò mí. Mo ń retí ẹkún, tàbí èpè.

“Àwọn àlejò tó wà nílé tó kù,” ni wọ́n wí, “wọn ò tíì mumi?”

“Rárá, Ìyá.”

“Ẹ̀yin ọmọ yìí! Dìde ńlẹ̀, bu omi òjò sí korobá.”

Ọ̀dọ̀ Bàbá Fìjàbí la kọ́kọ́ yà. Ìyáàfin Fadérera ṣàlàyé fún wọn, wọn ò sì tàn wọ́n. “Bàbá, ọjọ́ méjìdínlógójì yín á padà sí ọ̀kan. Ó sì lè jẹ́ pé ẹja yín á fara da ọjọ́ méjì tó kù, kí ẹ gba ìwé yín. Ẹ̀yin lẹ ó yàn.”

Bàbá Fìjàbí ṣí fìlà. Wọ́n wo ẹja wọn tó ń fara ha òkúta.

“Kí n gba ìwé lọ́tùnla, kó kú lọ́jọ́ kejì? Ojú wo ni màá fi wo òkun tí mo bá débẹ̀?” Wọ́n yíjú sí Ìyá. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un lómi.”

Kòkòrò tó já lára tiwọn ju tèmi lọ. Bàbá Fìjàbí ń kà sókè. Nígbà tí ẹja náà gbéra nílẹ̀ korobá, wọ́n dì mọ́ Ìyá, àgbà ọkùnrin bíi tiwọn, wọ́n ń sunkún. Látibẹ̀ la ti ń bọ́ sí ilé kejì, ilé kẹta. Àwọn kan bèèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi sú mi. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣíyan ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún òun, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Mi ò bá a wí. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ti tèmi. Ṣùgbọ́n kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilé mẹ́rìnlá ló ti bu omi òjò fún ẹja tiwọn, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì kú nínú wọn, èyí tó ti rẹ̀ jù kí a tó dé. Ìyáàfin Fadérera ń tẹ ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan sínú ẹ̀rọ ọwọ́ wọn títí iná inú rẹ̀ fi tán.

Àwọn aládùúgbò tún wá bá wa nílé. Ilẹ̀kùn wa kò ráyè padé. “Ìyá, ẹ kú oore o.” “Ìyá, a dúpẹ́.” Gbogbo àwọn tí ọkọ̀ ọdún yìí tìtorí wa já sílẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bèèrè orúkọ oníkálukú, wọ́n ń bèèrè ibi tí oníkálukú ti wá kí òkun tó dé.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo fara balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí wọn.

“Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Inú ń bí yín sí mi?”

Wọ́n ń tú àpò wọn, wọ́n ń kó ìró jáde.

“Ìbídùn, láti ọjọ́ tí mo ti ń di àpò yìí, ohun kan ń bà mí lẹ́rù tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, tí a bá débẹ̀ tán, ta ni mo fẹ́ kí? Gbogbo ará Ugbódù tí mo mọ̀ ti kú tán. Bí mo bá jí láàárọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa, àfi ìwọ.” Wọ́n na ìró kan sórí itan, wọ́n ń fọwọ́ tẹ́ ẹ. “Lónìí, ilé mẹ́rìnlá ni mo wọ̀, ilé mẹ́rìnlá ló fi àga lọ̀ mí. Ọjọ́ kan náà ni ogójì gbogbo wa máa pé. Ọkọ̀ kan náà la máa wọ̀ lámọ́dún. Bí ẹ̀mí mi ò bá tilẹ̀ dé ìgbà yẹn, ẹ gbé mi dání. Àwọn ènìyàn mi wà nínú ọkọ̀.”

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, Ìyá. Mo tún un sọ títí wọ́n fi gbá mi lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí wọ́n ní ó tó.